Bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ́ gíga àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè méjì wéra: àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà àti Kòríà Gúúsù

Ní ọdún 2010, tí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 55 sí 64, nǹkan bí 41 nínú wọn ló ti gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Tí ẹ bá kó irú ọgọ́rùn-ún bẹ́ẹ̀ jọ ní Kòríà Gúúsù lọ́dún kan náà, nǹkan bí 13 péré lẹ máa rí. Àjọ OECD, tó máa ń gba irú ìṣirò yìí jọ lọ́wọ́ àwọn ìjọba, ló gbé iye méjèèjì jáde nínú ìròyìn tí ó ń ṣe lọ́dọọdún lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè sọ pé àwọn ará Kòríà kò ka ẹ̀kọ́ sí. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn kan náà ni iye àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 25 sí 34 wà: nǹkan bí 42 ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 65 ní Kòríà. Orílẹ̀-èdè tí àwọn òbí rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà níwájú.

Òótọ́ ni iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín nínú ìwé yìí ni bí ẹ ó ṣe ka irú wọn, tí ẹ ó sì ṣe irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ fúnra yín, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè bì í wó. Mo yan Amẹ́ríkà àti Kòríà Gúúsù nítorí pé kò sí àṣìṣe tí ènìyàn lè ṣe nínú iṣẹ́ yìí tí kò fara hàn lára àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà lè fi ṣe Nàìjíríà àti Gánà, tàbí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, bí àkọsílẹ̀ bá ti wà.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí di ọdún ìbí

Kí n tó wo iye kankan, mo máa ń mú bírò, mo sì máa ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ọdún tí wọ́n ṣe ìwádìí. Tí a bá yọ 55 kúrò nínú 2010, ó ku 1955. Tí a bá yọ 64, ó ku 1946. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, láàrin 1946 sí 1955 ni a bí wọn. Ẹ wá fi ọdún 18 kún un: láàrin 1964 sí 1973 ni wọ́n dàgbà tó ẹni tó ń wọ yunifásítì. Ìṣirò kékeré yìí ni òpómúléró gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé òun ló ń sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ tí ẹ dì mú lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Kòríà ọdún 2010 rárá. Ọ̀rọ̀ Kòríà ọdún 1964 sí 1973 ni, tí àwọn tó gbé ìgbà náà ṣì ń gbé kiri lára.

Àwọn Ìjẹ̀bú kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹni tó bá ti wo régbérégbé níbi Ojúde Ọba mọ̀ pé àwọn tí a bí láàrin ọdún díẹ̀ síra wọn ni wọ́n ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, pé orúkọ ẹgbẹ́ náà kì í yí padà, pé ẹgbẹ́ náà ló ń dàgbà pọ̀ títí di ọjọ́ alẹ́. Ìpín ọjọ́ orí tí àwọn oníṣirò ń lò yàtọ̀ sí èyí. Àga ni ìpín 55 sí 64 jẹ́. Régbérégbé kan á jókòó lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n á dìde, àwọn àbúrò wọn á sì bọ́ síbẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé àga yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìròyìn tó ń jáde ni kò ya àga sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó jókòó lé e.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ọdún ìbí, ẹ wá ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ní Kòríà, ìjọba Japan kúrò ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1950, ìjà kò sì dáwọ́ dúró títí di oṣù Keje ọdún 1953. Ọmọ tí a bí ní 1946 kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọdún yẹn gan-an ni ìjọba sì fẹ́ sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di dandan. Nígbà tí àwọn ọmọ yìí wá parí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdánwò ló tún ń dúró dè wọ́n kí wọ́n tó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré. Ọdún 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé ìdánwò náà, láti Seoul tó jẹ́ olú ìlú. Ẹ fi ìyẹn wé ọdún ìbí tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan: ẹni tí a bí ní 1955, tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn ẹgbẹ́ náà, ti kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó ṣí i sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnì kan nínú wọn tí ìdánwò yìí kò sẹ́, bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì, nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí àtẹ OECD kà sí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀kọ́ gíga ní 2010 ni ọ̀nà ti dí mọ́ lójú láti nǹkan bí ọdún 1960.

Àwọn tó wọlé pàápàá kò rí i ní ọ̀fẹ́. Ìjọba ló ń fi ẹnu sọ iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbà, àwọn òbí ló sì ń gbé owó rẹ̀. Àwọn ará Kòríà ní orúkọ kan tí wọ́n fi ń pe yunifásítì nígbà náà, tó túmọ̀ sí ilé gogoro tí wọ́n fi egungun màlúù kọ́, nítorí pé màlúù tí àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀ ni ó máa ń tà kí ọmọ kan lè san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ yá owó lórí oko kòkó nítorí ìwé kò ní béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sì kíyè sí i pé ọmọ kan ni màlúù kan lè rán lọ. Àwọn yòókù jókòó sílé, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó jókòó.

Ní ti Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún jù lọ. Tí wọ́n bá bi ènìyàn pé kí ló dé tí àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà fi kàwé tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sáré mẹ́nu bà ni òfin GI Bill, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1944, tí nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ọmọ ogun fi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì. Òfin ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún mú bírò yín. Ẹni tó kéré jù lọ nínú àwọn tó ja ogun àgbáyé kejì, nǹkan bí 1927 ni a bí i. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún ní 2010. Ó ti dìde kúrò lórí àga 55 sí 64 tipẹ́tipẹ́. Ohun tí òfin náà ṣe fún àwọn tí a bí láàrin 1946 sí 1955 ni pé ó sọ bàbá àwọn kan nínú wọn di ẹni tó kàwé, ó sì mú kí àwọn yunifásítì fẹ̀ sí i kí wọ́n tó débẹ̀. Ohun tí àwọn fúnra wọn bá pàdé ni òfin ẹ̀kọ́ gíga ti ọdún 1965, tó gbé ẹ̀yáwó àti ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ kalẹ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ọdún méjì tí wọ́n ń ṣí káàkiri. Àti ogun Vietnam, tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin dúró sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nítorí pé wọ́n máa ń sún ìfipákóniṣogun síwájú fún akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ìdí kankan sílẹ̀ láì kọ́kọ́ bi í pé: ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ènìyàn yìí jẹ́ nígbà tí ìwọ ṣẹlẹ̀?

Ẹ pa dà wo àga náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá

Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 2020, iye tó ní ìwé ẹ̀kọ́ gíga láàrin àwọn ọmọ ọdún 55 sí 64 ní Kòríà ti di nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin. Láti 13 sí nǹkan bí 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra á kọ ọ́ pé àwọn àgbàlagbà Kòríà ti ń pa dà sílé ẹ̀kọ́. Àwọn díẹ̀ pa dà lóòótọ́. Yunifásítì àkàgbélé ti ìjọba wà níbẹ̀ láti ọdún 1972. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé àwọn tó jókòó dìde, àwọn mìíràn sì jókòó. Àwọn tó wà lórí àga ní 2020, láàrin 1956 sí 1965 ni a bí wọn. Ìdánwò girama kékeré ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Wọ́n dá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọdún méjì sílẹ̀ ní 1979. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ológun yí òfin padà ní 1980, tó fi jẹ́ pé láti 1981 àwọn yunifásítì lè gba ọmọ tó pọ̀ ju iye tí wọ́n máa jẹ́ kó jáde lọ, ẹnu ọ̀nà sì fẹ̀ lójijì. Àwọn tí a bí láti 1962 síwájú ló bá àkókò yìí pàdé.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè dán èyí wò fúnra yín, mi ò sì mọ èyí tó dára jù ú lọ. Ẹ mú iye àwọn ọmọ ọdún 45 sí 54 ní 2010, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn ọmọ ọdún 55 sí 64 ní 2020. Régbérégbé kan náà ni. Ó yẹ kí iye méjèèjì súnmọ́ra, nítorí pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 45. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ má ṣe wá ìtàn alárinrin tí ẹ ó sọ nípa rẹ̀. Ẹ lọ wò ó bóyá wọ́n ti yí ìbéèrè padà, bóyá wọ́n ti yí ohun tí wọ́n ń kà sí ẹ̀kọ́ gíga padà, tàbí bóyá àwọn ènìyàn wọlé tàbí jáde kúrò ní ìlú náà.

Kí ni wọ́n kà sí ẹ̀kọ́ gíga?

Àjọ UNESCO ní àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní ISCED, tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń to ìwé ẹ̀rí wọn kí wọ́n lè ṣe é fi wéra. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ni ti ọdún 2011, ó sì ní ipele mẹ́sàn-án, láti 0 dé 8. Láti 5 sókè ni ẹ̀kọ́ gíga: 5 ni ẹ̀kọ́ kúkúrú lẹ́yìn girama, 6 ni dìgírì àkọ́kọ́, 7 ni másítà, 8 ni ọ̀mọ̀wé. Iye ọdún 2010 tí mo fi bẹ̀rẹ̀, àtẹ ti ọdún 1997 tó ṣáájú èyí ni wọ́n fi tò ó, èyí tí kò pín ẹ̀kọ́ gíga sí ìpele mẹ́rin báyìí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi 2010 wé 2020 gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ àtẹ rẹ̀ pé òṣùwọ̀n ti yí padà láàrin méjì.

Ibi tí ẹ bá fi gé e lè yí èsì padà pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí ọdún méjì ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wà ní ipele 5, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn àgbà ibẹ̀ ni kò sì ní ìwé tó ga ju ìyẹn lọ. Tí ẹ bá gé e ní ipele 6, gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọdún méjì ní Kòríà. Kò burú láti gé e níbi tó wù yín; ohun tó burú ni kí ẹ gé orílẹ̀-èdè kan ní 5, kí ẹ gé èkejì ní 6, nítorí pé ibi tí ẹ ti rí iye àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ibi tí ẹ ti rí èkejì. Èyí wọ́pọ̀ gan-an. Ilé iṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti ka dìgírì àkọ́kọ́ sókè, OECD sì ń ka ipele 5 sókè, nítorí náà ẹ lè rí iye méjì fún Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà, kí méjèèjì sì tọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ gíga kò sì fi dandan jẹ́ yunifásítì. Ní Jámánì, oníṣẹ́ ọwọ́ tó gba ìwé Meister, bóyá kápẹ́ńtà ni o tàbí oníṣẹ́ iná, ipele 6 ló wà, ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó gba dìgírì àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀gá mẹkáníìkì tó lo ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gba fìrídọ̀mù kò sí nínú àtẹ rárá. Ẹni tó bá fi Jámánì wé Nàìjíríà láì sọ èyí ti fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ gíga níbì kan, ó sì ti yọ ọ́ níbì kejì.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹni tó lọ àti ẹni tó parí. Ìkànìyàn Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé tí ènìyàn kà rárá títí di ọdún 1940. Kí ó tó dìgbà náà, mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni wọ́n ń béèrè. Láti 1940 títí dé 1980, iye ọdún tí ènìyàn fi kàwé ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn gbà. Ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì láì gba ìwé kankan jẹ́ ẹni tó kàwé lójú ìkànìyàn 1980, kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ lójú ti 1990.

Ta ló kún fọ́ọ̀mù náà?

Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní American Community Survey máa ń lọ sí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ilé lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan nínú ilé ló sì máa ń dáhùn fún gbogbo àwọn yòókù. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń mú jáde. Ẹ fojú inú wo bàbá àgbà kan tó ti Ìbàdàn lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ní Houston, tó gba HND ní pólì ní nǹkan bí ọdún 1978, tí ìyá sì jẹ́ olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Grade Two, kó tó fi àkókò ìsinmi ṣe NCE. Ọmọ wọn jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, fọ́ọ̀mù wà níwájú rẹ̀. Àpótí wà fún ẹni tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò gba ìwé ẹ̀rí, ó wà fún ìwé ọdún méjì, ó wà fún dìgírì àkọ́kọ́, fún másítà, àti fún ọ̀mọ̀wé. Kò sí HND. Kò sí NCE. Ó bi bàbá rẹ̀, bàbá ní kó fi í sí dìgírì, nítorí pé ọdún mẹ́rin lòun lò. Ó wo ìyá, ìyá ní kó kọ ọ́ bó ṣe yé e. Ó fi bàbá sí dìgírì àkọ́kọ́, ó fi ìyá sí ọdún méjì. Ọmọ mìíràn nínú ilé mìíràn á ti ṣe é lódì sí èyí, òun náà kò sì purọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó lo ìwádìí kankan, ẹ wá fọ́ọ̀mù ìbéèrè rẹ̀ gan-an, kí ẹ kà á bí ẹni tó fẹ́ kún un. Ẹ wò ó bóyá àwọn ìwé ẹ̀rí àtijọ́ tí àwọn àgbàlagbà gbà wà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí kò bá ya Grade Two sọ́tọ̀ kúrò lára NCE yóò da àwọn olùkọ́ ìgbà méjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ipele girama ni Grade Two wà, tí NCE sì jẹ́ ìwé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nínú àwọn olùkọ́ ìdílé yín tó ti fẹ̀yìn tì, kò ní ṣàì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Àwọn tó ṣẹ́ kù àti àwọn tó ṣí wá

Àwọn tó wà láàyè nìkan ni ìwádìí lè bá sọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ẹ̀mí àwọn tó kàwé máa ń gùn ju ti àwọn tí kò kà á lọ. Bí régbérégbé kan bá ṣe ń darúgbó sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìpín àwọn tó kàwé nínú wọn á máa pọ̀ sí i láì sí ẹni tó tún wọ ilé ẹ̀kọ́. Láàrin ọdún 55 sí 64, ìyàtọ̀ yìí kò tíì pọ̀. Láti 75 sókè, ó tó ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Èyí ni mo ṣe máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe lo ìpín ọdún 65 sókè bí wọ́n bá lè rí ìpín tó há ju ìyẹn lọ. Nínú ìpín 65 sókè, orílẹ̀-èdè tí àwọn ẹni 90 ọdún pọ̀ sí àti orílẹ̀-èdè tí àwọn ẹni 66 ọdún pọ̀ sí kò jọra, bí wọ́n bá tilẹ̀ ka ìwé bákan náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣí kiri ló gba sùúrù jù. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n ti ń kà á. Wọn kì í wo ibi tó ti kàwé. Dókítà tó gboyè ní Ìbàdàn ní 1975, tó wá ń gbé ní Maryland, iye Amẹ́ríkà ni ó ń gbé sókè. Nínú ìfiwéra tí a ń ṣe yìí, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1965 ni Amẹ́ríkà yí òfin ìwọ̀lú rẹ̀ padà, tó sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará Éṣíà. Láti ìgbà náà lọ, àwọn ará Kòríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn mìíràn tó ti jáde ní yunifásítì sì wà nínú wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ta màlúù nítorí rẹ̀ ní abúlé kan ní Kòríà, ti kúrò nínú iye 13, ó sì ti bọ́ sínú iye 41. Wọn kò pọ̀ tó láti yí ẹni tó wà níwájú padà, nítorí pé Amẹ́ríkà tóbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣe orílẹ̀-èdè kékeré tí àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ń ṣí lọ, wọ́n lè yí i padà. Ẹ wò ó bóyá ìwádìí náà kọ ibi tí a ti bí ènìyàn sílẹ̀. Bó bá kọ ọ́, ẹ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì: fún gbogbo ènìyàn, àti fún àwọn tí a bí sílùú nìkan.

Ẹ sì ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin ní gbogbo ìgbà. Nínú régbérégbé 1946 sí 1955, ọkùnrin ló wà níwájú ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n àlàfo ti Kòríà fẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ gan-an. Kì í ṣe pé kò sí ibi tí obìnrin lè kàwé sí: Ewha ní Seoul ti wà láti 1886 gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin kó tó di yunifásítì. Owó ni kò tó, ọmọkùnrin sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ rò. Iye àpapọ̀ kan ṣoṣo á fi gbogbo èyí pa mọ́.

Ìṣirò náà

Ní ti ìṣirò, ẹ fi iye àwọn tó ní ìwé ẹ̀kọ́ gíga nínú ìpín náà ṣe òkè, kí ẹ fi gbogbo ènìyàn inú ìpín náà ṣe ìsàlẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí kò dáhùn ìbéèrè náà, ẹ yọ wọ́n kúrò nísàlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, tàbí kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ ní méjèèjì. Bí ìwádìí bá sì ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n, ìyẹn iye ènìyàn tí ẹni náà ń dúró fún, òṣùwọ̀n náà ni kí ẹ rò pọ̀. Ẹ má ṣe ka orí.

Láàrin 41 àti 13, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Amẹ́ríkà sì fi díẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti Kòríà. Ẹ kọ méjèèjì. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Amẹ́ríkà lé ní ìlọ́po mẹ́ta Kòríà ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 3 àti 1 ni, ìlọ́po mẹ́ta náà ni yóò jẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ní jọ ti èyí.

Bí ìwádìí bá kéré, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe. Ká sọ pé 400 ènìyàn péré ni wọ́n bi ní ìbéèrè nínú ìpín náà, tí 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ní ìwé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ fi 0.13 lu 0.87, ẹ pín in sí 400, ẹ wá gbòǹgbò onígun mẹ́rin rẹ̀, ẹ fi 1.96 lù ú. Ohun tó máa jáde jẹ́ nǹkan bí 0.033. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iye tòótọ́ lè wà níbikíbi láàrin nǹkan bí 10 sí 16. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 41, èyí kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí orílẹ̀-èdè kejì bá jẹ́ 15, ẹ kò lè sọ èwo ló wà níwájú.

Ẹ kọ èsì yín ní gbólóhùn kan tí kò fi nǹkan kankan pa mọ́ kí ẹ tó ya àwòrán èyíkéyìí. Ti èmi rèé: «Láàrin àwọn tí a bí ní nǹkan bí 1946 sí 1955, tí wọ́n sì wà láàyè ní 2010, nǹkan bí 41 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà àti nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbé ní Kòríà Gúúsù ló ti parí ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí lẹ́yìn girama, ti ọdún méjì pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí àtẹ ISCED ti 1997 ṣe tò ó.» Gbólóhùn náà gùn, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ọdún ìbí, ibùgbé, tàbí ẹ̀kọ́ ọdún méjì, kí ẹ wá kà á sétí ẹni tí kò rí àtẹ yín. Ìbéèrè tó bá kọ́kọ́ bi yín ni ohun tí ẹ yọ.